Ṣé àwo SACD yín ń dún bíi CD lásán? Wo bí ẹ ṣe lè so ẹ̀rọ àwo mọ́ rìsífà kí gbogbo ohùn rẹ̀ lè jáde

Ẹ̀rọ àwo wà nílé, rìsífà wà, sípíkà márùn-ún àti wúfà sì ti dúró sáyè wọn ní pálọ̀. Orin ń dún, àlejò sì ń yìn ín. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń gbọ́ máà jẹ́ ohun tí ẹ sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń ra àwo orin olóhùn gíga bíi SACD, DVD-Audio àti Blu-ray tí wọ́n ṣe fún orin nìkan. Okùn kan tí kò yẹ, tàbí ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò yàn nínú ètò ẹ̀rọ, ti tó láti sọ ohùn mẹ́fà di méjì.

Ibi tó ti ń dani láàmú ni pé ẹ̀rọ náà kò ní pariwo, kò sì ní kọ iṣẹ́. Ohun tó bá lè gba inú okùn tí ẹ fún un kọjá ló máa gbé jáde, á sì dákẹ́ lórí ìyókù.

Nínú àlàyé yìí, a ó wo okùn tó lè gbé ohùn àwo wọ̀nyí àti èyí tí kò lè gbé e, bí wọ́n ṣe ń so wọ́n, ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ṣọ́ra fún, àti bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ fúnra yín pé iṣẹ́ ti pé.

Irú àwo wo là ń sọ gan-an?

Lọ́dún 1982 ni CD dé ọjà. Ìkànnì méjì péré ló ní, ọ̀kan fún sípíkà òsì, ìkejì fún ọ̀tún. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn sórí rẹ̀ fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan, bit 16 sì ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ní 1999, àwọn iléeṣẹ́ Sony àti Philips, tí wọ́n jọ ṣe CD tẹ́lẹ̀, gbé SACD jáde. Bí CD ṣe tóbi náà ló tóbi, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà kọ ohùn yàtọ̀. Bit kan ṣoṣo ló ń lò lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ìgbà 2,822,400 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìlọ́po 64 iye ìgbà tí CD ń wọn ohùn. Ìlànà yìí ni wọ́n ń pè ní DSD. Yàtọ̀ sí orin oníkànnì méjì, àyè tún wà lórí SACD fún ìkànnì mẹ́fà.

DVD-Audio tẹ̀lé e wọ ọjà ní ọdún 2000. Bit 24 ló ń lò, ó sì lè wọn ohùn ní ìgbà 96,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìkànnì mẹ́fà, tàbí 192,000 fún ìkànnì méjì.

Blu-ray dé ní 2006. Ìlànà Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio tó wà lórí rẹ̀ ń fún ohùn pọ̀ kó lè gba àyè díẹ̀, àmọ́ wọn kì í gé ohunkóhun kù nínú rẹ̀.

Ìkànnì mẹ́fà yìí ni wọ́n ń kọ ní 5.1. Márùn-ún jẹ́ ti sípíkà: iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún. Ọ̀kan tó kù jẹ́ ti wúfà, tí kì í dún ju ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti ìlù ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àwo kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2003, wọ́n tún The Dark Side of the Moon ti ẹgbẹ́ olórin Pink Floyd gbé jáde lórí SACD, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jáde. Ohun mẹ́ta ló wà lórí àwo kan yẹn: ìpele CD tí ẹ̀rọ CD èyíkéyìí lè kà, SACD oníkànnì méjì, àti SACD oníkànnì mẹ́fà.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá so ó bí kò ṣe yẹ, àwo náà á ṣì kọrin. Ṣùgbọ́n ìpele CD lẹ máa máa gbọ́, ẹ ó sì máa rò pé SACD ni.

Kí ló dé tí okùn optical kò fi lè gbé e?

Okùn optical, èyí tí iná pupa máa ń tàn lẹ́nu rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó rọrùn, ìkan ṣoṣo ni, kò sì wọ́n.

Àmọ́ iléeṣẹ́ Toshiba ló ṣe okùn yìí ní 1983 kí ó lè máa gbé ohùn CD. Ohùn CD jẹ́ nǹkan bíi bit mílíọ̀nù 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ṣírò DVD-Audio oníkànnì mẹ́fà, ìyẹn bit 24 lọ́nà 96,000 lọ́nà mẹ́fà, ẹ ó rí i pé ó lé ní mílíọ̀nù 13.8. SACD oníkànnì mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 17.

Ó dà bíi kí èèyàn fẹ́ kó ẹrù ọkọ̀ àjàgbé sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ohun méjì péré ni okùn yìí lè ṣe: ó lè gbé ìkànnì méjì, tàbí kó gbé ìkànnì mẹ́fà tí wọ́n ti gé kù gan-an bíi Dolby Digital àti DTS tó wà lórí DVD fíìmù. Dolby Digital orí DVD kì í ju bit 448,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Okùn coaxial, èyí tó ní ihò kan ṣoṣo tí wọ́n sábà máa ń kun ní ọsàn, kò yàtọ̀ sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí kejì ni ìbẹ̀rù àwọn tó ni orin. Gbogbo wa la mọ ohun tí ayédèrú àwo ti fojú àwọn olórin Nàìjíríà rí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ṣe SACD náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè da ohùn náà kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, nítorí náà, wọ́n dí ọ̀nà tó lè gbà jáde láti inú ihò optical.

Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi optical so ẹ̀rọ SACD, ọ̀kan nínú ohun méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: rìsífà á dákẹ́ lọ gbári, tàbí kí ìpele CD máa dún. Ní ti DVD-Audio, Dolby Digital tàbí DTS tí wọ́n fi kún àwo náà fún àwọn ẹ̀rọ DVD lásán lẹ máa gbọ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: okùn HDMI

Bí ẹ̀rọ àwo àti rìsífà bá ní HDMI, ọ̀nà tó rọrùn jù nìyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹ̀rọ ṣe pàtàkì.

HDMI 1.1, tó jáde ní 2004, ló fàyè gba DVD-Audio. HDMI 1.2 ti 2005 ló fàyè gba DSD inú SACD. HDMI 1.3 ti 2006 sì ló jẹ́ kí Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio lè wọ inú rìsífà láìjẹ́ pé ẹ̀rọ àwo kọ́kọ́ tú wọn. Bí rìsífà yín bá ti dàgbà ju ìwọ̀nyí lọ, ọ̀nà kejì tó wà nísàlẹ̀ lẹ máa tọ̀.

Báyìí ni ẹ ó ṣe so ó:

1. Ẹ pa ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ sì yọ wáyà wọn kúrò lára iná.

2. Ẹ ki okùn HDMI bọ ihò "HDMI OUT" lẹ́yìn ẹ̀rọ àwo, kí ẹ sì ki ẹnu kejì bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò "HDMI IN" ti rìsífà. "BD" tàbí "DVD" ni wọ́n sábà máa ń kọ sí èyí tó yẹ.

3. Ẹ mú okùn HDMI mìíràn, kí ẹ fi so "HDMI OUT" ti rìsífà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ nílò tẹlifíṣọ̀n láti rí ètò inú ẹ̀rọ àwo.

4. Ẹ tan wọ́n, kí ẹ sì lọ sí ètò ohùn nínú ẹ̀rọ àwo. Níbi tí wọ́n bá ti bi yín nípa SACD, ẹ yan "SACD", ẹ má yan "CD". Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan "2ch" tàbí "Multi", "Multi" ni kí ẹ yàn.

5. Bí rìsífà bá mọ DSD, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ àwo gbé DSD jáde. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pa DSD kí ẹ̀rọ àwo lè yí i sí PCM. Ìkànnì mẹ́fà náà á ṣì pé.

6. Fún Blu-ray, ẹ wá ohun tí wọ́n kọ "BD Audio MIX" tàbí "Secondary Audio" sí, kí ẹ sì pa á. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó lè ṣàì jẹ́ kí TrueHD àti DTS-HD dé ọ̀dọ̀ rìsífà bí wọ́n ṣe wà.

Ìkìlọ̀ kan rèé fún àwọn tó ń ra rìsífà àtijọ́. Àwọn rìsífà kan wà tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ni HDMI wọn ń gbé kọjá lọ sí tẹlifíṣọ̀n, wọn kì í mú ohùn kankan níbẹ̀. Ihò HDMI tí ẹ rí lẹ́yìn ẹ̀rọ kò tó ẹ̀rí. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó kí ẹ gbọ́.

Ẹ má ṣe gba inú tẹlifíṣọ̀n kọjá

Àṣà kan tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n so ẹ̀rọ àwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n wá fi okùn optical tàbí ihò HDMI tí wọ́n kọ "ARC" sí mú ohùn láti ara tẹlifíṣọ̀n wá sínú rìsífà.

Fún ìròyìn àti fíìmù orí DStv, kò sí wàhálà. Fún SACD àti DVD-Audio, ẹ ti pàdánù. ARC kò lè gbé PCM tó ju ìkànnì méjì lọ. Èyí tó lè gbé e ni eARC, tó bá HDMI 2.1 dé ní 2017, àfi kí tẹlifíṣọ̀n àti rìsífà jọ ní i.

Ìlànà kan ló yẹ kó wà lọ́kàn yín: ẹ̀rọ àwo sínú rìsífà, rìsífà sínú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀nà kejì: okùn mẹ́fà

Kí HDMI tó gbilẹ̀, ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé ń lò, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ àwo fúnra rẹ̀ ló máa tú ohùn náà, tí á sì fi okùn mẹ́fà gbé e fún rìsífà, okùn kan fún ìkànnì kan.

Okùn náà kò ṣàjèjì. Irú okùn ẹlẹ́nu pupa àti funfun tí gbogbo wa fi so ẹ̀rọ fídíò mọ́ tẹlifíṣọ̀n láyé àtijọ́ ni. Ẹ ra méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, kí gùn wọn sì dọ́gba.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ àwo, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "5.1 CH OUTPUT" sí. Lẹ́yìn rìsífà, ẹ wá "MULTI CH IN", "EXT. IN" tàbí "7.1 CH IN". Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn lára rìsífà, ọ̀nà yìí kò ṣeé tọ̀.

Ẹ so "FRONT L" mọ́ "FRONT L", "FRONT R" mọ́ "FRONT R", kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún "CENTER", "SUBWOOFER", "SURROUND L" àti "SURROUND R". Ẹ fara balẹ̀. Bí "CENTER" bá fi lè bọ́ sí ihò "SUBWOOFER", ohùn olórin á sọnù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ "MULTI CH IN" lórí rìmóòtù rìsífà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí, tí wọ́n á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ ní láti mọ̀. Bí ohùn bá gba inú ihò mẹ́fà yìí wọlé, púpọ̀ nínú àwọn rìsífà kì í fọwọ́ kàn án mọ́ ju kí wọ́n mú un lágbára lọ. Gbogbo ètò tí ẹ ti ṣe sínú rìsífà nípa bí sípíkà ṣe jìnnà sí àga àti èyí tó kéré tàbí tó tóbi kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, inú ètò ẹ̀rọ àwo ni kí ẹ ti ṣe é. Bí sípíkà yín bá jẹ́ kékeré, ẹ yan "Small" níbẹ̀ kí ohùn ìsàlẹ̀ lè lọ sọ́dọ̀ wúfà. Bí ẹ bá fi í sí "Large", wọ́n á máa fi ohun tó ju agbára sípíkà kéékèèké lọ gbé e, orin á sì máa dún láìní báàsì.

Home theatre inú páálí ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kò ní rìsífà tó dá dúró. Home theatre tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan ni wọ́n ń lò, tí ẹ̀rọ DVD àti amplifáyà jọ wà nínú àpótí kan náà.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ihò HDMI kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ jẹ́ èyí tó ń gbé àwòrán jáde lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí HDMI tó ń gba ohùn wọlé, kò sì sí ihò mẹ́fà. Ohun tó bá tibi ẹ̀rọ mìíràn wá, ìkànnì méjì ló máa gbà á sí.

Bí irú èyí lẹ ní, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ SACD. Rìsífà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ra.

Ẹ má sì tìtorí pé ẹ fẹ́ dín ìnáwó kù kí ẹ yọ sípíkà home theatre sára rìsífà láì wo ẹ̀yìn wọn. Ohm 3 tàbí 4 ni wọ́n kọ sára àwọn sípíkà mìíràn nínú wọn, nígbà tó jẹ́ pé rìsífà púpọ̀ ń béèrè ohm 6 sí 8. Bí nọ́ńbà sípíkà bá kéré sí ohun tí rìsífà béèrè, rìsífà á máa gbóná, ó lè máa pa ara rẹ̀, ó sì lè jóná bí ẹ bá yí ohùn sókè.

Tòkunbọ̀: ẹ wo iná kí ẹ tó wo ohùn

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ SACD kì í sábà wọ́pọ̀ ní ìsọ̀ tuntun, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rí rà, yálà ní ọjà Alaba ní Èkó tàbí láti ọwọ́ mọ̀lẹ́bí tó ń bọ̀ láti òkè òkun.

Iná Amẹ́ríkà àti Kánádà jẹ́ 120 volt. Ti Japan jẹ́ 100. Ti Nàìjíríà, Gánà, Benin àti Togo wà láàrin 220 sí 240. Bí ẹ bá ki rìsífà Amẹ́ríkà bọ iná wa tààrà, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì wá kò ní ìṣòro yìí, nítorí 230 volt ni wọ́n ń lò.

Ẹ wo àkọlé tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá kọ "100-240V", ẹ lè kì í bọ iná. Bí ó bá jẹ́ "120V" nìkan, ẹ nílò tiransifọ́mà tó ń dín iná kù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní step-down.

Ẹ tún wo iye watt tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ má sì lo èyí tí wọ́n fi ń polówó agbára sípíkà. Tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ ju iye yẹn lọ dáadáa. Bí rìsífà bá ń jẹ 400 watt, tiransifọ́mà 500 watt ti fún un mọ́ra jù, 1000 watt ló máa fọkàn yín balẹ̀.

Tiransifọ́mà kò lè yí 60 Hz ti Amẹ́ríkà sí 50 Hz tiwa, rìsífà sì lè gbóná díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ààyè gba orí rẹ̀, ẹ má to nǹkan lé e.

Bí ẹ bá ń lo ìnfátà, tí sípíkà ń kùn bí oyin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìnfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò dán. Èyí tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí lára ló bá ẹ̀rọ orin mu.

Ní ti agbègbè, SACD kò ní àmì agbègbè. Èyí tí wọ́n rà ní Japan á dún ní Ìbàdàn, á sì dún ní Kùtọnu. Blu-ray ló ní àmì agbègbè: A ni ti Amẹ́ríkà, B ni ti Áfíríkà àti Yúróòpù. Ẹ̀rọ Blu-ray láti Amẹ́ríkà lè kọ àwo tí wọ́n fi B sí.

Ẹ̀rọ wo ló ń ka SACD? Ẹ wá àmì "SACD" tàbí "Super Audio CD" lójú ẹ̀rọ, tàbí nínú ìwé rẹ̀. PlayStation 3 tó kọ́kọ́ jáde ní 2006 ń ka SACD, ó sì ń gba HDMI gbé ìkànnì mẹ́fà náà jáde, ṣùgbọ́n àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, títí kan èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde ní 2009, kò kà á. Nínú àwọn ẹ̀rọ Blu-ray, Sony UBP-X700 àti UBP-X800 ń ka SACD àti DVD-Audio. Àwọn ẹ̀rọ Oppo náà lókìkí fún un, àmọ́ iléeṣẹ́ yẹn dáwọ́ ṣíṣe wọn dúró ní 2018.

Wáyà sípíkà àti ibi tó yẹ kí wọ́n wà

Wáyà sípíkà ní ẹnu méjì. Pupa lára rìsífà gbọ́dọ̀ lọ sí pupa lára sípíkà, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá yí ti ẹyọ kan padà, sípíkà náà á dún, àmọ́ báàsì á fẹ́lẹ́, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ohùn olórin ti ń wá. Ẹ má jẹ́ kí fọ́nrán wáyà kan kan èkejì, nítorí ìyẹn lè ba rìsífà jẹ́.

Fún orin, ìlànà àjọ ITU tí àwọn ilé ìgbohùnsílẹ̀ ń tẹ̀lé rọrùn. Bí sípíkà iwájú méjèèjì bá jìnnà sí àga yín ní mítà 2, kí mítà 2 náà wà láàrin wọn. Sípíkà àárín á dúró sáàárín wọn. Sípíkà ẹ̀yìn méjèèjì á wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, díẹ̀ sẹ́yìn etí, kì í ṣe lórí ògiri ẹ̀yìn pátápátá.

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ wa ni wọ́n ti gbé àga lé ògiri. Bí ẹ bá lè fa àga yẹn síwájú ní mítà kan péré, àǹfààní rẹ̀ lè ju ti okùn olówó iyebíye lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára?

Ẹ wo ojú rìsífà nígbà tí orin bá ń lọ. Bí HDMI lẹ lò, tí ẹ rí "DSD" tàbí "MULTI CH PCM", ó ti dára. "TrueHD" tàbí "DTS-HD MSTR" fún Blu-ray náà dára.

Bí ẹ bá rí "PCM 44.1", ìpele CD lẹ ń gbọ́. Ẹ padà sínú ètò ẹ̀rọ àwo. Bí ẹ bá rí "Dolby Digital" nígbà tí DVD-Audio wà nínú ẹ̀rọ, apá fíìmù lẹ ń gbọ́.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ jù ni "Pro Logic II" tàbí "All Channel Stereo". Sípíkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa dún, inú yín á sì dùn. Ṣùgbọ́n rìsífà ló mú ìkànnì méjì, tó pín in káàkiri. Ẹ tẹ "Direct" lórí rìmóòtù. Bí sípíkà ẹ̀yìn bá dákẹ́, àṣírí ti tú.

Bí okùn mẹ́fà lẹ lò, ojú rìsífà kò ní sọ púpọ̀. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ àwo fún "SACD" àti "MULTI", kí ẹ sì fi etí yín dán an wò. Lórí àwo Pink Floyd tí a mẹ́nu bà, ẹ dúró ti sípíkà ẹ̀yìn nígbà tí àwọn aago bá ń dún níbẹ̀rẹ̀ orin "Time". Ó yẹ kí ẹ gbọ́ aago níbẹ̀.

Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń náwó lé?

Ìbéèrè yìí tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì yẹ kó jẹ́ òótọ́.

Ní 2007, E. Brad Meyer àti David Moran tẹ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àjọ Audio Engineering Society. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ ohùn SACD àti DVD-Audio oníkànnì méjì, lẹ́yìn náà wọ́n gba ohùn kan náà kọjá nínú ẹ̀rọ tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ìwọ̀n CD. Nínú ìgbà 554 tí wọ́n dán an wò, nǹkan bí ìdajì ni àwọn ènìyàn fi mọ èyí tó yàtọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ta kọ́bọ̀ sókè.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwo wọ̀nyí kò wúlò. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe inú nọ́ńbà ńláńlá nìkan ni àǹfààní wọn wà. Ohun tí CD kò lè fún yín láéláé ni ìkànnì mẹ́fà, níbi tí ẹni tó po ohùn pọ̀ ti gbé ohun èlò kan síwájú, òmíràn sẹ́yìn, tó wá fi yín sí àárín. Ìkànnì mẹ́fà yẹn gan-an sì ni okùn tí kò yẹ ń gbà lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé orin oníkànnì méjì lẹ sábà máa ń gbọ́, bí ọ̀pọ̀ àwo jùjú, fújì àti àpàlà ṣe rí, CD àti okùn optical tó fún yín. Optical á gbé ohùn CD dé ọ̀dọ̀ rìsífà láì gé ohunkóhun kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ohun tí ẹ kò nílò fún yín.

Bó bá sì jẹ́ pé ìkànnì mẹ́fà ló wù yín, àwo ṣì ní àǹfààní kan ní ilẹ̀ wa: kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò ní ra dátà torí rẹ̀, kò sì ní já lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀rọ èyíkéyìí ní ọjà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ẹ sì wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: volt mélòó ló ń jẹ? Ṣé HDMI rẹ̀ ń gba ohùn, tàbí ṣé ó ní ihò mẹ́fà? Ṣé àmì SACD wà lójú ẹ̀rọ àwo náà? Bí ọ̀kan nínú ìdáhùn náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ wo ìsọ̀ tó kàn.